Olóòtú, ẹ bá wa dá ẹjọ́ "stationary" yìí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín, èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn tíṣà máa fi pàṣán na ọmọ tó bá tún sọ pé "borrow me biro", ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, àmọ́ nígbà tí mo kà á parí inú bí mi díẹ̀, torí bàbá sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo àwa tá a ń sọ ọ́ ò lọ́pọlọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fèsì, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Fúlẹ́ẹ̀sì ni mo ń tẹ̀ ní Táíwò Ìsàlẹ̀, ní Ìlọrin níbí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì, bánà, káàdì ìgbéyàwó, pósítà òkú, ti wòlímọ̀, ti ìdìbò tó bá dé, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe, torí náà àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra yìí, owó ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbèjà "borrow me". Bàbá, ẹ má bínú o, "yá" kan ṣoṣo la ní. Alhájà tó ń ta aṣọ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yá mi lówó, èmi náà yá owó lọ́wọ́ Alhájà. "Yá" náà ni, kò pààrọ̀ ẹ̀wù, "lọ́wọ́" kékeré yẹn ló ń sọ ibi tí owó ti kúrò, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí ò ní mọ ẹni tó jẹ gbèsè. "Kọ́" náà ńkọ́? Ọ̀gá mi kọ́ mi níṣẹ́, mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Òyìnbó wá ní rárá, "lend" ni tibí, "borrow" ni tọ̀hún, "teach" ni tibí, "learn" ni tọ̀hún. Ó dáa, a gbà, èdè wọn ni. Àmọ́ ẹ bá mi bi wọ́n, lánlọ́ọ̀dù tó gbé ilé fún ayálégbé, kí ló ṣe? "Rent" ló ṣe. Ayálégbé tó gba ilé ńkọ́? "Rent" lòun náà ṣe! "To" àti "from" ló ń yà wọ́n, bí "lọ́wọ́" ṣe ń ya tiwa gẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó fi pàṣán na lánlọ́ọ̀dù. Láyé àtijọ́ gan-an, àwọn òyìnbó náà a máa sọ "learn me" tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn kọ́ àwọn ní nǹkan, àwọn kan nínú wọn ṣì ń sọ ọ́ títí dòní nínú ẹ̀ka èdè ìlú wọn, wọ́n kàn sọ fún wọn pé kò bójú mu mọ́ ni.

Nítorí náà ọmọ tó ní "borrow me biro" ò ya dìndìnrìn, Yorùbá ló ń sọ, ó kàn wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì fún un ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní òun ń "hear smell", ṣebí gbọ́ òórùn là ń gbọ́ ọ, a kì í rí i. Ti "wọ́n" ló tiẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi jù. Ní Òmù-Àrán, ọmọ àbúrò mi kan lọ sọ fún kọ́pà tó ń kọ́ wọn, ọmọ ìlú tí wọn ò ti gbọ́ Yorùbá rárá ni kọ́pà ọ̀hún, ó ní "My grandmother said they are coming to see you, they have left home." Kọ́pà sáré gbé bẹ́ǹṣì síta, ó lọ yá àga sí i ní kíláàsì kejì, ó ti rò pé gbogbo ẹbí ló ń bọ̀ wá bá òun jà, ìgbà tó yá ni màmá wa yọ, àwọn nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá wọn àti iṣu méjì tí wọ́n fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé kí ọmọ wá pe ìyá ìyá ẹ̀ ní "she" ni? Ó le lẹ́nu ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ó tó nípa ìyẹn. Ẹjọ́ gan-an tó jẹ́ kí n gbé báírò ni ti "stationary".

Ọkùnrin kan fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Tánkẹ̀, lójú ọ̀nà Yunifásítì, ó fi ohun tó fẹ́ ká tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, lẹ́tà ńláńlá ni gbogbo ẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù lókè, lábẹ́ ẹ̀ "BOOKS AND STATIONARY", lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní mẹ́rin, 12,000 náírà. Ọmọ iṣẹ́ mi dà á kọ bó ṣe wà, èmi náà wò ó kó tó lọ sórí ẹ̀rọ, àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ wa á mọ̀, nọ́ńbà fóònù là ń bẹ̀rù, òun là ń kà lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, torí bí nọ́ńbà kan bá ṣì, aráyé á máa pe ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tó kù, ojú kàn ń gba orí ẹ̀ kọjá ni. A tẹ̀ ẹ́, a lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sanwó, ó yọ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló gbé e kọ́. Ní Wẹ́sìdeè ó ti padà dé, fúlẹ́ẹ̀sì ní abíyá, ó jù ú sórí tábìlì mi, eruku sọ. Ó ní tíṣà kan ló kọjá, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò, kó tó di alẹ́ ó ti wà lórí status àwọn èèyàn, pé ẹ wo ẹni tó fẹ́ máa ta ìwé fún ọmọ yunifásítì. Ó ní kí n dá owó òun padà. Mo ní "Ọ̀gá, ẹ ṣí fóònù yín, ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ ọ́." Ó ní ṣé bí òun bá gbé aṣọ lọ fún télọ̀ tí òun sì kó o fún un lódì, télọ̀ á wá rán an lódì ni? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní tàn yín.

Ibi tá a ti ń fà á lọ́wọ́ ni oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tó fi fóònù sí chárjì lọ́dọ̀ wa ti dá sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù yín yìí, ṣé ó ń rìn ni?" Ọkùnrin náà ní "Ìbéèrè wo nìyẹn?" Ó ní kó ṣáà dá òun lóhùn. Ọkùnrin náà ní kì í rìn. "Ojú kan ló dúró sí?" "Ojú kan náà ni." "Àwé, 'stationary' náà nìyẹn kẹ̀, ẹ gbé bánà yín ẹ máa lọ!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, àti ẹni tó wá ṣe fótòkọ́pì, àti Alhájà aláṣọ òkè tó ti yọjú wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ló wá bá wa tú u. Ó ní èyí tó ní "a", nǹkan tó dúró sójú kan tí ò rìn ni, bíi mọ́tò tó dúró ní gòsúlóò. Èyí tó ní "e" ni ìwé, báírò, rúlà àti envelope, ó ní "e" ti envelope ni ká fi rántí ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré ní envelope jìnnà jù fún òun, òun á fi Yorùbá rántí tòun: "e" tó wà nídìí "ìwé" ni ti ìwé, "a" tó wà nínú "páàkì" ni ti mọ́tò tó páàkì. Ẹ gbọ́ ná, mi ò ṣì í láti ọjọ́ náà.

Ààfáà kan wà níjòókòó tó wá gba bánà wòlímọ̀ ọmọ ẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àwa ọmọ Ìlọrin tá a lọ ilé kéú, ṣé a ti gbàgbé "qalb" àti "kalb" ni? Mo ní háà. Lárúbáwá, "qalb" ni ọkàn, "kalb" ni ajá, ọ̀fun nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ti àkọ́kọ́ ti ń jáde, ahọ́n Yorùbá ò sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, "k" kan náà la ń gbọ́. Wọ́n ní ẹ wo ẹni tó gbọ́wọ́ sókè tó fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun fọ ọkàn òun mọ́, tó wá ní kó bá òun fọ ajá òun. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Pàṣán wà ní ilé kéú, mi ò ní purọ́, mo jẹ tèmi níbẹ̀, àmọ́ bàbá onílẹ́tà, kì í ṣe pàṣán ló jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, ajá yẹn ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ajá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni ọ̀fun mi ti gbọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn oorun ò kùn mí, 12,000 náírà ń rìn kiri lórí mi, ni mo bá gbé fóònù lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ẹ ò ní gbà gbọ́. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, akiri ni wọ́n, wọ́n á ru ẹrù wọn láti ìlú dé ìlú. Àwọn tó ń ta ìwé ló sábà máa ń ní ìsọ̀ tiwọn, wọ́n dúró sójú kan, nítòsí yunifásítì ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń wà, bíi ti ọ̀gá ará Tánkẹ̀ wa yìí gẹ́lẹ́. Nítorí dídúró tí wọ́n dúró yẹn ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní "stationarius" ní èdè Látìn, ìyẹn onísọ̀ tá a bá fẹ́ sọ ọ́ ní tiwa, òun ló di "stationer" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ láti ààfin ní 1557, ó sì ṣì wà. Ohun tí stationer ń tà ló di "stationery". Ìyá kan náà ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì! Oníkẹ̀kẹ́ tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló sún mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo wa, kò kàn mọ̀ ni.

Mo fi gbogbo àlàyé yìí ṣe voice note ránṣẹ́ sí ọ̀gá ará Tánkẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru. Èsì tó fún mi ni pé kí n bá òun tẹ voice note náà sídìí bánà kí àwọn tó ń kọjá lè máa gbọ́ ọ. A ṣáà parí ẹ̀ sí pé ó fi 5,000 sí i, èmi gbé ìyókù, mo tẹ òmíì fún un pẹ̀lú "e". Títí di báyìí mi ò mọ̀ bóyá mo jẹ̀bi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá wa dá a.

Láti ìgbà yẹn ojú mi ti là sí àwọn ìyókù. Ilé ìwé kan fi "The Principle, Staff and Students" ránṣẹ́, mo tètè pè wọ́n pé "principal" ni wọ́n ń pe ọ̀gá ilé ìwé, èyí tí wọ́n kọ, ìlànà ni, wọ́n ní ẹ ṣeun ẹ má sọ fún ọ̀gá. Àwọn tíṣà máa ń ní ká fi "pal" tó wà nídìí ẹ̀ rántí pé ọ̀rẹ́ ọmọ ilé ìwé ni principal, èmi ò mọ ilé ìwé tí wọ́n lọ o, nítiwa tá a bá rí principal lókèèrè ẹ̀yìn ògiri là ń gbà. Ti "complimentary card" tá a máa ń tẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí ẹnìkan má kọ ọ́ ní "complementary", "i" ni ti kíkí èèyàn àti yínyin èèyàn, "e" ni ti ohun tó ń bá nǹkan míì pé. Ìyẹn rọrùn.

Èyí tó ṣẹ́gun mi ni ti ìyá aláàgbo. Wọ́n fẹ́ pósítà àgbo tó ń mú èèyàn fọn, wọ́n kọ "LOOSE WEIGHT". Mo jókòó tì wọ́n, mo fara balẹ̀, mo ní "Màámi, 'lose' olóókan ni kí nǹkan sọnù tàbí kó dín kù, 'loose' olóóméjì yìí ni kí nǹkan tú tàbí kó má fún mọ́, bíi ṣòkòtò tí okùn ẹ̀ ti já." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá mu àgbo mi fún oṣù kan, kí lo rò pé ṣòkòtò ẹ̀ máa ṣe?" Mi ò rí èsì fọ̀. "O" kan ni mo tẹ̀ ṣá, mo ní àyè ni ò gba méjì.

Bàbá onílẹ́tà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ti fẹnu kò lórí gbogbo ẹ̀. Níbo? Ẹ wo "less" àti "fewer" lásán. Wọ́n ní ohun tó ṣeé kà ní oókan eéjì ni "fewer", bíi ẹyin, èyí tí ò ṣeé kà ni "less", bíi omi. Àwọn èèyàn ti ń lo "less" fún méjèèjì láìmọye ọdún, ní 1770 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Baker kọ ọ́ sínú ìwé pé lójú tòun "fewer" á dáa jù fún ohun tó níye, ojú tòun o, kò ní òfin ni, àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ dòfin. Wọ́n jà á débi pé ní 2008, Tesco, ilé ìtajà ńlá tó wà ní ìlú òyìnbó, yọ pátákó "10 items or less" kúrò níbi tí wọ́n ti ń sanwó, wọ́n fi "Up to 10 items" rọ́pò ẹ̀, kí gbogbo ẹnu lè pa dé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹyin ò tó, omi ò tó, ó parí.

Ó tún ku èyí tó máa dun bàbá jù. Ní oṣù kìíní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbé ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì àwa ará Nàìjíríà. "Next tomorrow" wà níbẹ̀, ìyẹn ọ̀túnla wa. "Severally" tí wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tá a bá fi pe lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà níbẹ̀. "Send-forth" tí mo ti tẹ̀ sára bánà títí ọwọ́ fi bó, ó wà níbẹ̀. "Barbing salon" wà níbẹ̀. Tókunbọ̀ gan-an ti wọlé jókòó. Mi ò ní kí èèyàn lọ máa kọ "severally" síwá sẹ́yìn nínú ìdánwò o, tíṣà tó bá máa gbá a ṣì ń bẹ láyé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ jẹ́ kó lọ, ká jọ rẹ́rìn-ín sí i, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó fa ẹnìkejì sápá kan kó sọ fún un. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ sára fúlẹ́ẹ̀sì ló yẹ kí gbogbo wa dúró lé lórí, torí fúlẹ́ẹ̀sì ò ṣeé gbé mì.

Nǹkan kan sì wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dún kan, àwọn ọ̀rẹ́ dírẹ́bà kan ní Ọ̀fà wá tẹ bánà láti bá a yọ̀ pé ó ra bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ fàmì sí i, pé àmì ń ba dìsáìnì jẹ́. A tẹ "E KU ORIIRE OKO TUNTUN", fọ́tò ọkùnrin náà gàdàgbà lábẹ́ ẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ti ọjà dé, ó kà á, ó ní ọkọ tuntun wo, ta ló gbé níyàwó? Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ni, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí bọ́ọ̀sì wà. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wá dá owó gbà lọ́wọ́ mi lórí ìyẹn? "A" kan dípò "e" nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo san 7,000. Ilé fẹ́ dàrú lórí ọkọ àti ọkọ̀, wọ́n kàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi bánà náà sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín, Olóòtú, igun kékeré kan ni nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa kó irú ọ̀rọ̀ báyìí wá síbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, ká fi Yorùbá tó mọ́gbọ́n dání tú u, kẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn jiyàn, oníkẹ̀kẹ́, tíṣà, ààfáà, kí gbogbo wọn kọ̀wé. Bàbá onílẹ́tà náà, a fẹ́ wọn níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà fi pàṣán sílé. Tẹ́ ẹ bá sì máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, àkọlé ńláńlá tẹ́ ẹ máa ń gbé sójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ bá wa máa fàmì sí i, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bánà àkọ́kọ́ yẹn ò ṣòfò ṣá. Mo fi bo jẹnẹrétọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí òjò, ibi tí "STATIONARY" wà ló kọjú sí títì. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún ti dákú láti oṣù tó kọjá, mẹkáníìkì mẹ́ta ti wò ó, kò mira, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo ń gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ báyìí. Gbogbo ìgbà tí oníkẹ̀kẹ́ yẹn bá ń kọjá, á rọra rìn, á fọn fèrè, á nawọ́ sí i: "Àǹtí, ó ti wá bọ́ sí i báyìí!"

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onífúlẹ́ẹ̀sì,
Táíwò Ìsàlẹ̀, Ìlọrin.